Ọ̀já ìkookò mi ti fẹ́ fọ́ ìkòkò

Ìyá Ìbejì, Àdàtán: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ewéko ọ̀já ìkookò tí etí ewé rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, tí màmá mi fún mi, ti kún ìkòkò oníke rẹ̀ bámúbámú. Ike ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti sán. Ṣé kí n pín in? Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ kú, ìrántí màmá mi ni.

Bàbá Olódòdó, Ìbarà: Ẹ má fòyà, Ìyá Ìbejì. Ẹ fi ọ̀bẹ la ike yẹn, ẹ má fa ewé rẹ̀. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ tó nípọn bí àtàǹpàkò, tó ń rá nínú erùpẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti gé e, kí ìpín kọ̀ọ̀kan ní ewé àti gbòǹgbò. Ẹ tẹ́ wọn síbi òjìji fún ọjọ́ 2, kí ojú ọgbẹ́ gbẹ. Yanrìn odò ni èmi máa ń pò mọ́ ilẹ̀dú.

Dúpẹ́, Kútọ̀: Ẹ má gbin ewé nìkan o, mà. Tèmi hù, ṣùgbọ́n etí ìyeyè yẹn pòórá pátápátá. Ó dùn mí gan-an.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun, sà. Mo ti gé e sí 4. Omi ńkọ́?

Bàbá Olódòdó: Tí ẹ bá gbìn ín, ẹ dúró ọ̀sẹ̀ kan. Omi àpọ̀jù ló máa ń jẹ́ kó rà.