Wọ́n fẹ́ ta gbọ̀ngàn eré àdúgbò wa n'Íbàdàn, ta la máa lọ bá?

Ọmọ Èkótẹ̀dó:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò ní dárúkọ ibi tí mò ń sọ yìí torí ọ̀rọ̀ ẹbí ti wọ inú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jó ní Èkótẹ̀dó rí máa mọ̀ ọ́n. Àwọn àga onírin tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà méjì orúkọ bàbá onílé sí lẹ́yìn, pákó ìtàgé tó ń ké lápá òsì tí gbogbo olórin tó mọ ibẹ̀ kì í fẹsẹ̀ tẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí. Bàbá kú lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ sì fẹ́ tà á. Ajẹ́ńtì ti mú èèyàn méjì wá wò ó, ọ̀kan ṣọ́ọ̀ṣì ni, èkejì ní òun fẹ́ máa kó ẹrù sí i. Ibẹ̀ ni ìyá mi àti bàbá mi ti pàdé, ibẹ̀ làwọn ọmọ àdúgbò wa tó ń kọ́ ìlù ń jókòó sí lọ́sàn-án, kò tún sí ibòmíì tí wọ́n lè lọ.

A ti ṣí WhatsApp, a ti ń kọ orúkọ jọ sínú ìwé, orúkọ ti pọ̀ gan-an. Ìbéèrè mi ni pé ta la máa gbé ìwé náà lọ bá? Ṣé ìjọba lè ní kí wọ́n má tà á? Àbí ká dá owó jọ ká rà á fúnra wa, ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣe irú ẹ̀ rí? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn kíákíá, ajẹ́ńtì yẹn ò sùn.

Onílù Mọ́kọ́lá:

Àbúrò, mo bá yín kẹ́dùn bàbá. Èèyàn dáadáa ni, owó iṣẹ́ wa kì í sùn lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ẹ, gbọ̀ngàn yẹn ti ń kú kí bàbá tó kú, bàbá ló ń fi owó ara ẹ̀ tì í lẹ́yìn.

Ṣé ẹ mọ bí ilé eré ṣe ń rí owó? Ẹ rò pé gééètì ni. Owó gééètì ò tó epo. Bándì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ó di ìdájí, sípíkà ń ṣiṣẹ́, fáànù ń ṣiṣẹ́, fíríìjì oníbíà ń ṣiṣẹ́, tí NEPA bá sì mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì ló kù. Kódà kí iná wà gan-an, láti oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, lọ sí ₦225 fún yúnìtì kan, ẹni tó ní gbọ̀ngàn ti mọ̀ pé ayé ti yí padà. Ohun tó ń gbé ibẹ̀ ró ni kaúńtà, ìyẹn bíà, àsun, pẹ́pẹ́súùpù. Àwọn ọmọ wa wá ń ra bíà níta, wọ́n ń kó o wọlé nínú báàgì! Owó tí èèyàn ń ná fún olórin níwájú ìtàgé ńkọ́, ọ̀dọ̀ olórin ló ń lọ, onílé ò rí kọ́bọ̀ ńbẹ̀. Mo mọ̀ torí èmi náà wà lára àwọn tó ń ṣà á nílẹ̀.

Nítorí náà kí ẹ tó gbé ìwé lọ bá ẹnikẹ́ni, ẹ bi ara yín pé nínú gbogbo orúkọ tẹ́ ẹ kọ yẹn, èèyàn mélòó ló dé ibẹ̀ lóṣù tó kọjá tó sì jókòó ti kaúńtà.

Ìyá Ìbejì Peckham:

Ọmọ mi, o bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti ṣe irú ẹ̀ rí. Wọ́n ti ṣe é o, ẹ̀gbẹ́ ilé wa níbí ni. Ní Nunhead, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, tí kò jìnnà sí Peckham, ilé ọtí kan wà tí wọ́n ń pè ní Ivy House, Newlands Tavern ló ń jẹ́ láyé àwọn 1970, àwọn bándì kan tó di gbajúmọ̀ lẹ́yìn ti ṣeré níbẹ̀. Ní 2012 ilé-iṣẹ́ tó ni ín tì í pa, wọ́n fẹ́ tà á. Àwọn ará àdúgbò ò kàn kọ orúkọ sínú ìwé nìkan. Wọ́n kọ́kọ́ mú kí ìjọba kà á mọ́ àwọn ilé àtijọ́ tí èèyàn kankan ò gbọdọ̀ wó láìgba àṣẹ, ìyẹn nìkan ti lé àwọn tó fẹ́ fi kọ́ fúláàtì sá díẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá lo òfin kan tó jáde ní 2011 tí wọ́n ń pè ní Localism Act. Bó ṣe rí nígbà náà ni pé tí káńsù bá ti kọ ilé kan sílẹ̀ pé ó wúlò fún ará ìlú, tí onílé bá fẹ́ tà á, àwọn ará ìlú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti sọ pé àwọn náà fẹ́ rà á, tí wọ́n bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀, onílé ò gbọdọ̀ tà á fún ẹlòmíì títí oṣù mẹ́fà fi pé láti ọjọ́ tó ti sọ pé òun fẹ́ tà á, kí wọ́n lè wá owó. Ivy House ni àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìlú ọba.

Owó ilé náà lé díẹ̀ ní £800,000. Wọ́n yá èyí tó pọ̀ jù, wọ́n wá ta ṣíà fún àwọn ará àdúgbò, ó lé ní 300 èèyàn tó ra ṣíà. Ẹni tó ra púpọ̀ àti ẹni tó ra díẹ̀, ìbò kan kan ni wọ́n ní, kí olówó kan má bàa wá gbà á lọ́wọ́ wọn. 2013 ni wọ́n ṣí i padà. Mo ti lọ síbẹ̀ fún ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ mi òyìnbó kan, wọn ò mọ ata sè ṣá o, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kún.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé oṣù mẹ́fà yẹn ló gbà wọ́n. Láìsí i, ẹni tó ní owó lọ́wọ́ ì bá ti sanwó kí wọ́n tó parí ìpàdé kìíní.

Ilé Ẹ̀yìn:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi nilé mi wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yẹn gan-an, mi ò ní fọwọ́ sí ìwé yín, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí ẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sunkún yìí, ilé yín jìnnà. Ògiri mi ni wọ́n ń tọ̀ sí. Mo ti kùn ún, mo ti kọ "má ṣe tọ̀ síbí" sí i, wọ́n ń ka ìkọ́wé náà bí wọ́n ṣe ń tọ̀. Ọmọ mi ń kàwé JAMB, ní aago méjì òru ni àwọn olórin yẹn ń tún sáùnd wọn ṣe, wọ́n á ní "tẹ́sìn, tẹ́sìn" bí ẹni pé a ò sí láyé. Nígbà ayé bàbá mo lè lọ bá a, á bá wọn wí, báyìí ta ni mo fẹ́ lọ bá?

Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló rà á náà, mo mọ̀ pé fíjìlì wà, ariwo ò lọ síbì kankan. Nítorí náà mi ò sọ pé kí wọ́n tà á. Mo ní kí ẹni tó bá máa gbà á kọ́ ilé ìtọ̀ kó sì pa sípíkà ní aago méjìlá òru. Ìyẹn nìkan.

Lọ́yà Kékeré:

Mọ̀mí Peckham, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín yìí wúlò ju ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí lọ.

Ọmọ Èkótẹ̀dó, òfin tí Mọ̀mí Peckham sọ yẹn, a ò ní in ní Nàìjíríà. Pé àdúgbò fẹ́ràn ilé kan ò fún àdúgbò lẹ́tọ̀ọ́ kankan lórí ilé náà. Tẹ́ ẹ bá gbé ìwé yín lọ sí Sẹkitéríàtì ní Àgodi wọ́n á gbà á, wọ́n á lu òǹtẹ̀, ó parí nìyẹn.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni ẹbí. Ṣé bàbá ṣe ìwé ìhágún? Tó bá ṣe é, ẹni tó yàn sínú ẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ sọ. Tí kò bá ṣe é, tó sì jẹ́ pé ìlànà Yorùbá ni wọ́n máa fi pín ogún bàbá, ilé yẹn ti di ilé ẹbí nìyẹn, kì í ṣe ti ọmọ tó ń pe ajẹ́ńtì. Olórí ẹbí ló lè ta ilé ẹbí, àwọn àgbà ẹbí sì gbọ́dọ̀ bá a fọwọ́ sí i, ẹ máa wò ó pé ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ní ẹni tó ń ṣojú fún un. Tí ọmọ kan bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, asán ni lójú kọ́ọ̀tù, àfi bíi pé wọn ò tà á rárá. Tó bá jẹ́ olórí ẹbí ló dá a tà láì jẹ́ kí àwọn àgbà yòókù mọ̀, àwọn yẹn lè ní kí kọ́ọ̀tù fagi lé e, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jókòó tẹtẹrẹ. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹni tó rà á ṣì nílò àṣẹ gómìnà lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978. Ẹ ò rí i pé títà yìí ò yá bí ajẹ́ńtì ṣe ń sọ? Oṣù mẹ́fà tiyín wà nínú ẹbí yẹn.

Ohun kejì, ẹ má sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ rà á. Ẹ ní ẹ fẹ́ háyà ẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Owó títà, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa pín in, ìjà ẹ̀ sì lè gba ogún ọdún, mo ti rí i. Owó háyà á máa wọlé lọ́dọọdún, ilẹ̀ bàbá wọn ò sì ní kúrò lọ́wọ́ wọn. Tó bá ti lé ní ọdún mẹ́ta, kí lọ́yà ṣe ìwé ẹ̀ o, ẹ má fi rìsíìtì lásán ṣe é. Owó tẹ́ ẹ bá sì ń dá, ẹ má jẹ́ kó wọ àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, èèyàn 10 ti tó láti bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn ló mọ alájẹṣẹ́kù jù, àwọn àgbẹ̀ kòkó ló fi kọ́ wa.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:

Lọ́yà ti sọ ọ́ tán, mo kàn fẹ́ fi kan kún un fún àwọn tó ń ronú pé tí ìjọba bá ti lè kéde ibẹ̀ pé ilé ìtàn ni, ó ti bọ́. Ẹ rántí Ilọ́jọ̀ Bar ní Tinúbú. Ilé àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, ó di ilé ọtí àti ilé oúnjẹ, láti 1956 ni ìjọba ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wó o. Ní oṣù kẹsàn-án 2016 katapílà dé, wọ́n wó o palẹ̀. Gbogbo ìlú pariwo, lẹ́yìn tó ti wó. Ilé náà ti gbó, ó ti ń bàjẹ́ kí wọ́n tó wó o, èmi gbà pé ìyẹn ló pa á.

Ẹ wá wo Freedom Park, ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tó wà ní Broad Street. Láti 2010 tí wọ́n ti ṣí i, eré ń lọ, orin ń lọ, onídòdò ń ta dòdò, ta ló máa gbé katapílà débẹ̀? Àti Òṣogbo náà, Dúró Ládiípọ̀ ti ní ilé ọtí tiẹ̀ kó tó di Mbari Mbayo, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, ní 1962. Ọtí àti eré ti jọ ń rìn tipẹ́ nílẹ̀ wa, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọmọ Èkótẹ̀dó:

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin àgbà. Lọ́yà, mo ti lọ wádìí láàárọ̀ yìí. Bàbá ò ṣe ìwé ìhágún kankan. Ìyàwó méjì ló ní. Dáwódù wà nílùú Ìlọrin, ẹni tó sì ń pe ajẹ́ńtì ni àbíkẹ́yìn ìyàwó kejì, mi ò tiẹ̀ rò pé Dáwódù mọ̀ pé àwọn kan ti wá wo ilé.

Ẹ̀gbọ́n Onílù, mo gba ọ̀rọ̀ yín, ó dùn mí díẹ̀ ṣùgbọ́n mo gbà á. Èmi náà wà lára àwọn tó ń gbé bíà sínú báàgì.

Onílù Mọ́kọ́lá:

Hahaha, mo mọ̀ ọ́n! Ó dáa, bándì wa máa ṣeré níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láì gba owó iṣẹ́, tí ẹbí bá gbà. Owó tí wọ́n bá ná fún wa níwájú ìtàgé, a máa pín in sí méjì, ìdajì máa wọ àpótí ẹgbẹ́ yín. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ yín jókòó ti kaúńtà o. Mọ̀mí Ilé Ẹ̀yìn, aago méjìlá òru la máa pa sípíkà, èmi fúnra mi ló máa pa á.

Lọ́yà Kékeré:

Ẹ lọ bá Dáwódù kí ajẹ́ńtì tó débẹ̀. Ẹ mú àgbà lọ́wọ́, kì í ṣe ọmọ WhatsApp nìkan. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ àbúrò ẹ̀ ní búburú, ẹ sáà ní ẹ wá kí i kú àṣẹ̀yìndè bàbá, ẹ sì gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta ilé, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè háyà ẹ̀. Á fúnra ẹ̀ béèrè pé ta ló fẹ́ tà á.

Ilé Ẹ̀yìn:

Ẹ má gbàgbé ilé ìtọ̀.

Ọmọ Èkótẹ̀dó:

A ò gbàgbé mà, òun ló wà lókè nínú ohun tá a fẹ́ kọ́kọ́ ṣe. Sátidé la ń lọ Ìlọrin, bàbá Alága àdúgbò ti ní àwọn máa bá wa lọ. Ẹni tó bá mọ èèyàn ìyá wọn kejì, ìyẹn ìyá àbíkẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, a ò fẹ́ kí apá ibẹ̀ rò pé ẹ̀yìn wọn la gbà.