"Ìrora ikùn líle": kí ló le gan-an níbẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Mo ti ka gbólóhùn tí wọ́n dábàá fún ìwé ìlera náà: "Ìrora ikùn líle ni àmì pé ìgbinikún páńkíríásì líle ti burú." Ẹni tó kọ ọ́ ṣe akitiyan, ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sí i. "Líle" ti pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì lè ṣi aláìsàn lọ́nà.

Páńkíríásì ni ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ tí àwọn dókítà fi ń ṣáájú orúkọ àìsàn yìí, ìyẹn "acute" nínú "acute pancreatitis", kò sọ bó ṣe le tó, bó ṣe dé ló ń sọ, pé ó dé lójijì. Òdìkejì rẹ̀ ni àìsàn bárakú. "Wíwú páńkíríásì òjijì" ni mo fara mọ́. "Ìgbinikún" náà kò bá a mu, torí egbò tó ti gba kòkòrò, tó ń ṣọyún, ni etí wa ń gbọ́ níbẹ̀. Kì í ṣe kòkòrò ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ti páńkíríásì. Omi tí páńkíríásì ń ṣe láti mú oúnjẹ dà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó dé ìfun, tó wá ń jẹ páńkíríásì fúnra rẹ̀. Òkúta inú òróòro àti ọtí ló sì ń fà á jù lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ìgbinikún á máa wá oògùn apakòkòrò láti ọjọ́ kìíní.

Ibi tó ká mi lára jù ni "ìrora ikùn líle". Ṣé ìrora ló le ni, àbí ikùn? Yorùbá gba méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú dókítà. Ìrora, aláìsàn ló ń sọ ọ́. Ikùn tó le gbandi, ọwọ́ dókítà ló ń bá a níbẹ̀ nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní HAPS, tó ń wo bí ikùn ṣe rí lábẹ́ ọwọ́, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó, àti creatinine inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń sẹ́ dànù. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dára, ó dájú díẹ̀ pé àìsàn náà kò ní le. Kò bi aláìsàn pé báwo ni ìrora rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ká ya "àmì" sọ́tọ̀ kúrò lára "òṣùwọ̀n". Nínú ìlànà Atlanta, tí àwọn dókítà fi ń dá àìsàn yìí mọ̀ tí wọ́n sì fi ń wo bó ṣe le tó, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2012, ìrora jẹ́ ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta tí wọ́n fi ń dá àìsàn yìí mọ̀. Àwọn méjì yòókù ni lipase tàbí amylase inú ẹ̀jẹ̀ (èròjà tí páńkíríásì ń ṣe láti mú oúnjẹ dà) tó fi ìlọ́po mẹ́ta kọjá ààlà, àti àwòrán inú ikùn. Méjì nínú mẹ́ta ti tó. Bí ó ṣe le tó, ibòmíì ni wọ́n ti ń wò ó: ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn pẹ̀lú ìṣàn ẹ̀jẹ̀, àti kíndìnrín. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dákẹ́ iṣẹ́ kọjá wákàtí 48, ó ti le nìyẹn. Ẹni tó ń ké tantan lè gba ilé lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹni tí ìrora rẹ̀ mọ níwọ̀n máa mí gúlegúle. Àwọn kan wà tí inú ò tiẹ̀ run wọ́n rárá. Kódà iye lipase kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ti ní bí a bá kọ ọ́ báyìí, àwọn èèyàn á fojú di inú rírun, wọn á jókòó sílé. Ẹ̀rù yẹn tọ́, ó sì ba èmi náà. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

"Ìrora tó dé lójijì lókè ikùn, tó ń gún yọ sí ẹ̀yìn, tí kò sì lọ, lè jẹ́ àmì wíwú páńkíríásì òjijì. Ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn. Bí ìrora náà ṣe pọ̀ tó kọ́ la fi ń mọ bí àìsàn náà ṣe le tó. Ẹ máa ṣọ́ bí aláìsàn ṣe ń mí, bó ṣe ń tọ̀, àti bóyá iyè rẹ̀ ṣì pé."

Orúkọ Yorùbá fún páńkíríásì ṣì wà nílẹ̀ tí a ń jà lé lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn yìí dúró dè é.