Aago ọwọ́ £4,000 àti ẹ̀gbà góòlù olórúkọ: ibo ni kí owó yìí gbà?

Ọmọ Ṣàgámù

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé. Mo fẹ́ ra aago ọwọ́ gidi kan, owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún un kò gbọdọ̀ kọjá £4,000. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo ń ṣe, mo máa ń lúwẹ̀ẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, òde àríyá sì pọ̀ nílẹ̀, níbí àti nílé. Ọrùn ọwọ́ mi kò tóbi, sẹ̀ǹtímítà 16 àbọ̀ ni yípo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì: ẹ̀gbà ọwọ́ Cartier tí wọ́n ń pè ní Love ló wu ìyàwó mi. Ṣé owó yẹn tọ́ sí i, àbí kí n lọ bá alágbẹ̀dẹ góòlù kó rọ ẹ̀gbà fún wa? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye.

Baba Aláago

Ẹ kú ìnáwó. Kí ẹ tó wo orúkọ kankan, ẹ wọn ọwọ́ yín. Yípo rẹ̀ nìkan kò tó. Ẹ gbé rúlà lé ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ níbi tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ wo iye mìlímítà tó jẹ́. Aago ní ìwo kéékèèké mẹ́rin tó di ṣéènì mú, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Láti ṣóńṣó ìwo òkè dé ṣóńṣó ìwo ìsàlẹ̀ ni ìwọ̀n tó ṣe pàtàkì jù. Bí ìyẹn bá gùn ju ibi pẹrẹsẹ ọwọ́ yín lọ, ìwo á yọ síta, aago á dà bí èyí tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹni tó sanra jù yín lọ. Fún ọwọ́ 16 àbọ̀, èmi kì í kọjá mìlímítà 48. Iye tí wọ́n ń kọ sí ìpolówó, 39, 40, 42, fífẹ̀ ojú aago nìkan ni, ìdajì ọ̀rọ̀ sì ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú nínú ẹ̀rọ méjì. Ti bátìrì ní kírísítálì kan tó ń gbọ̀n nígbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyẹn tí aago bátìrì olówó pọ́ọ́kú fi ń pa àkókò mọ́ ju onísípírìǹgì ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn lọ. Onísípírìǹgì tó ní ìwé ẹ̀rí COSC, àjọ tó ń yẹ ìpéye aago wò ní Switzerland, wọ́n gbà á láàyè kó fi ìṣẹ́jú àáyá 4 pẹ́ tàbí kó fi 6 yá lójúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ àkókò tó péye láìní wàhálà, bátìrì ni kó rà, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ̀rọ bátìrì Grand Seiko tí wọ́n ń pè ní 9F kì í yẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ láàárín ọdún kan.

Bó bá jẹ́ onísípírìǹgì lọkàn yín wà, Tudor Black Bay 58 ni n óò kọ́kọ́ gbé sọ́wọ́ yín: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 39, ìwo sí ìwo kò pé 48, omi 200 mítà, COSC, gàràǹtì ọdún 5. Sípírìǹgì rẹ̀ ń gbé e fún wákàtí 70. Ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ óò bá a tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Longines Spirit tó jẹ́ 37 náà dára, ìyẹn ń lo wákàtí 72, yóò sì ṣẹ́ owó kù fún yín. Omega Aqua Terra tó jẹ́ 38 wuyì, kì í sì ka òòfà sí, àmọ́ ní £4,000, àlòkù rẹ̀ ni kí ẹ wá.

Rolex tuntun kò sí ní £4,000. Ẹni tó bá gbé e wá fún yín ní iye yẹn, ayédèrú ni tàbí ẹrù olè.

Ṣégun Atúnṣe

Ọ̀rọ̀ omi ni tèmi. Iye mítà tó wà lẹ́yìn aago, omi tó dúró jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ ni wọ́n fi dán an wò. Ẹ má rò pé aago 30 mítà lè bá yín wọ odò: òjò àti omi ìfọwọ́ nìkan ni tirẹ̀. Fún ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ wá 100 sókè, kí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń yí di. Rọ́bà tó wà nínú ló ń dí omi. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ń mú rọ́bà náà gan, nítorí náà ẹ má wọ̀ ọ́ wẹ̀ nílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dán an wò lọ́dọọdún bí ẹ bá ń lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìrì lábẹ́ dígí, ẹ má gbé e sóòrùn, ẹ gbé e lọ fún atúnṣe lọ́jọ́ náà gan-an, torí ọwọ́ aago àti sípírìǹgì kì í pẹ́ dípẹtà.

Kí ẹ ra èyí tó ní ṣéènì irin. Bẹ́líìtì aláwọ kì í bá òógùn ilé wa rẹ́, kì í pẹ́ rùn.

Dèjì

Fóònù náà ṣáà ń sọ iye aago tó lù o, ó sì ní tọ́ọ̀ṣì.

Baba Aláago

Dèjì, jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ tí arákùnrin béèrè.

Alágbẹ̀dẹ Góòlù

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbà, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ojú wa lè là. Góòlù tí wọ́n fi ń ṣe Love jẹ́ kárátì 18, ìyẹn ni pé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni góòlù pọ́ńbélé, bàbà, fàdákà àti irú wọn ló kù. Ká sọ pé ẹ̀gbà náà wọn gíráàmù 32. Ẹ fi 0.75 sọ ọ́ di púpọ̀, gíráàmù 24 góòlù pọ́ńbélé ló wà níbẹ̀. Ẹ wo iye tí gíráàmù kan ń lọ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ rà. Bó bá jẹ́ £80, fún àpẹẹrẹ, góòlù inú rẹ̀ jẹ́ £1,920. Ẹ wá gbé iye yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Nínú ohun tó fi lé ni owó iṣẹ́, VAT ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, owó ilé ìtajà ní Bond Street, òpópónà olówó ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, àti owó orúkọ wà. Èmi kò ní kí ẹ má rà á o. Ẹ ṣáà mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún.

Bí alágbẹ̀dẹ bá rọ ẹ̀gbà gíráàmù 32 fún yín ní Hatton Garden, àdúgbò àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí ní Birmingham, owó góòlù àti owó iṣẹ́ ni ẹ óò san. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: gíráàmù mélòó, kárátì mélòó, owó iṣẹ́ mélòó. Ẹni tó bá ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra, ẹ má bá a ṣe. Kí ó má sì kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan sára rẹ̀, ayédèrú nìyẹn, òfin sì lè mú yín.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò gbà kí wọ́n ta ohun ọ̀ṣọ́ tó ju gíráàmù kan lọ ní orúkọ góòlù láìní òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ mẹ́ta ló pọn dandan: ti ẹni tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, iye góòlù inú rẹ̀, àti ti ọ́fíìsì tó yẹ̀ ẹ́ wò. 375 ni kárátì 9, 585 ni 14, 750 ni 18, 916 ni 22. Orí àmọ̀tẹ́kùn ni ti Lọ́ńdọ̀nù, ìdákọ̀ró ni ti Birmingham, òdòdó ni ti Sheffield, ilé olódi ni ti Edinburgh. Ẹ mú awò amóhun-tóbi dání, inú ẹ̀gbà ni òǹtẹ̀ máa ń wà.

Ìyá Ìbejì

Àbúrò mi, alágbẹ̀dẹ sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀. Ẹ̀gbà tí ẹ bá gbé fún un rọ, lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ tà á, orí ìwọ̀n ni wọ́n á gbé e sí, owó iṣẹ́ ti wọlẹ̀ nìyẹn. Love kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1969 tí Aldo Cipullo, ayàwòrán ohun ọ̀ṣọ́, ti yà á ní New York, wọn ò tíì dáwọ́ ṣíṣe é dúró, àwọn tó ń wá àlòkù rẹ̀ sì pọ̀. Wọ́n máa ń san ju owó góòlù inú rẹ̀ lọ dáadáa. Bákan náà ni ẹ̀gbà ọrùn Alhambra ti Van Cleef & Arpels, tó jáde ní 1968. Ṣùgbọ́n àpótí, ìwé ẹ̀rí àti rìsíìtì gbọ́dọ̀ pé. Láìsí ìwé, olùrà á bẹ̀rẹ̀ sí í fura, owó á sì já.

Ibi tí wọ́n ti ń jẹ àwọn èèyàn wa ní màgòmágó kò sí níbí. Ilé aṣọ ńláńlá ni: yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn tí wọ́n kọ orúkọ wọn gàdàgbà sí, tó jẹ́ idẹ tí wọ́n fi góòlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, tí dígí àti ike dúró fún òkúta àti péálì. Wọ́n á tà á ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn. Lọ́fínńdà àti òógùn á jẹ góòlù ojú rẹ̀ lọ, idẹ á sì yọjú. Bí o bá rà á fún ẹwà, ó dára. Má kà á mọ́ dúkìá.

Ẹ̀gbà Love tó ní dáyámọ́ǹdì wínníwínní lára ńkọ́? Fi sílẹ̀. Owó púpọ̀ ni wọ́n ń gbà lórí wọn, ẹni tó fẹ́ ra àlòkù kò ní fẹ́ẹ́ kà wọ́n.

Ọmọ Ṣàgámù

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹnìkan ń ta Rolex Datejust àlòkù fún mi, ó ti fi dáyámọ́ǹdì yí ojú rẹ̀ ká, ó ní £3,800. Ìkejì, ìyàwó mi ní ẹ̀gbà àtijọ́ méjì tí òǹtẹ̀ wọn ti pa rẹ́. Ṣé a lè yọ́ wọn pọ̀ fi rọ tuntun?

Baba Aláago

Ẹ sá fún Datejust yẹn. Bí dáyámọ́ǹdì kò bá ti ọ̀dọ̀ Rolex wá, ẹni tó fi í síbẹ̀ ti lu irin aago náà tàbí ó ti pààrọ̀ ojú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kì í gba irú rẹ̀ fún àtúnṣe bí wọn ò bá dá gbogbo rẹ̀ padà sí ti ilé-iṣẹ́, owó yín nìyẹn á sì jẹ́. Dáyámọ́ǹdì òde ń dín owó aago kù ni.

Àlòkù míràn tí ẹ bá rí, ẹ jẹ́ kí atúnṣe gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró aago. Kí ó wò ó ní ìdúró mẹ́ta: ojú sókè, ojú sílẹ̀, bọ́tìnnì sísàlẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí sípírìǹgì rẹ̀ kún, kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ yẹ kó máa fì ní dígírì 270 sí 310. Bó bá já sísàlẹ̀ 250, òróró ti gbẹ, àtúnṣe ti kàn án, èyí sì lè ju £500 lọ ní ilé-iṣẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí owó tí ẹ fẹ́ san. Bó bá ń yá ju bó ti yẹ lọ lójijì, ẹ má tíì bínú: òòfà lè ti mú un, láti ara sípíkà tàbí ìdè báàgì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni atúnṣe fi ń tú u.

Ẹ wo etí ìwo rẹ̀. Bó bá ti di róbótó, wọ́n ti fi ẹ̀rọ dán an lọ́pọ̀ ìgbà, irin tó ti lọ kò ní padà. Ẹ di aago mú ní ẹ̀gbẹ́ kí ṣéènì nà síta: bó bá rọ̀ gbọọrọ sílẹ̀, ó ti jẹ.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́ta òru, ẹ má fi bọ́tìnnì yí ọjọ́ orí aago onísípírìǹgì. Eyín tó ń ti ọjọ́ ti wọ ara wọn nígbà náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló lè kán níbẹ̀.

Rónkẹ́

Káàdì kírẹ́dítì ni kí ẹ fi san án. Òfin àwìn tí wọ́n ń pè ní Consumer Credit Act 1974, abala 75, mú kí báǹkì pín ẹ̀bi pẹ̀lú ẹni tó tà á fún yín, bí owó ọjà bá ju £100 lọ tí kò sì kọjá £30,000. Ẹni tó ń tajà láti inú ilé kì í gba káàdì, ẹ fi èyí sọ́kàn. Fún àlòkù, ẹ gba nọ́ńbà ara aago kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ The Watch Register, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ aago tí wọ́n jí sí. Inṣọ́ransì ilé sábà máa ń ní iye tí kì í kọjá lórí ẹrù kan ṣoṣo, ẹ ní kí wọ́n dárúkọ aago àti ẹ̀gbà náà sínú ìwé, kí ẹ sì béèrè bóyá ó bò wọ́n bí ẹ bá gbé wọn lọ sílé.

Alágbẹ̀dẹ Góòlù

Ẹ̀gbà àtijọ́ yẹn, ẹ lè kọ́kọ́ dán an wò fúnra yín. Ẹ wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ. Ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka ìdá mẹ́wàá gíráàmù, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ so ẹ̀gbà mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ rì í sínú omi láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Iye tí òṣùwọ̀n bá fi lé ni kí ẹ fi pín ìwọ̀n gbígbẹ rẹ̀. Gíráàmù 31 tó fi 2 lé, 15.5 ni, kárátì 18 ń bẹ ní sàkáání ibẹ̀. Kárátì 9 wà ní nǹkan bí 11, 22 sún mọ́ 18, idẹ kò pé 9. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀gbà tí inú rẹ̀ kò ṣófo, tí kò ní òkúta. Ẹni tó fi tungsten sínú góòlù lè tan òṣùwọ̀n jẹ, torí ìwúwo méjèèjì jọra.

Bí ọ̀kan bá jẹ́ 9, tí èkejì jẹ́ 18, ẹ má yọ́ wọn pọ̀. Ohun tó máa jáde kò ní pé 750, ọ́fíìsì òǹtẹ̀ kò sì ní gbà á ní 18. Irin tí wọ́n fi jó ẹ̀gbà àtijọ́ pọ̀ náà ń fa kárátì sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ gbà wọ́n ní iye góòlù inú wọn, kó fi góòlù tuntun rọ ọ́.

Bó bá sì jẹ́ Love lẹ padà rà, wọn kì í fẹ̀ ẹ́, wọn kì í dín in. Ẹ wọn ọrùn ọwọ́ ìyàwó yín nírọ̀lẹ́, torí ọwọ́ máa ń wú díẹ̀ nígbà náà, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan lé e. Súkúrù tó di ẹ̀gbà náà mú máa ń tú díẹ̀díẹ̀, kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọwọ́ tí kò wọ aago sí ni kó wọ̀ ọ́ sí, irin aago á ha góòlù.