Gbogbo ẹni tí mo ní kó ka pépà mi kàn ń sọ pé "ó dáa" ni, kí ni kí n ṣe?

Akọ̀wé_Òru:
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará. Pépà kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí jọ́nà (ìwé tí wọ́n ti ń tẹ ìwádìí àwọn onímọ̀ jáde), mo ti pín in fáwọn tá a jọ ń ṣe PhD, gbogbo wọn ní ó dáa, ẹnì kan bá mi tún kọ́má mélòó kan ṣe, ó tán. Ṣé ó dáa lóòótọ́ àbí wọn ò kà á ni? Sùpáfáísọ̀ mi ò ráyè, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé rífíúwà, ìyẹn ẹni tí jọ́nà máa ní kó yẹ pépà náà wò, ló máa kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún mi.

ẸgbọnLab:
Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kà á o, ìbéèrè tó o bi wọ́n ni ò lórí. "Bá mi wò ó", kí ni kí wọ́n wò níbẹ̀? Fún wọn ní abstract (àkópọ̀ ṣókí tó wà níbẹ̀rẹ̀ pépà) àti ìfáárà nìkan, kí wọ́n kà á, kí wọ́n pa á dé, kí wọ́n wá fẹnu ara wọn sọ ohun tí pépà náà ń sọ fún ẹ. Tóhun tí wọ́n sọ bá yàtọ̀ sóhun tó wà lọ́kàn ẹ, jọ̀ọ́ má ṣàlàyé rárá, torí o ò ní sí nítòsí nígbà tí olótùú bá ń kà á. Ní kí wọ́n tún fàmì síbi tí wọ́n ti ní láti kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ibi tó ti dojú rú fún wọn, gbà á bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n bá ní kó o gbà tún un ṣe, ìwọ lo máa pinnu ìyẹn. Kọ́má ṣì lè dúró jàre.

Ònkàwé_kan:
Mo fara mọ́ ti ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ojú ń ti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ni, ìyẹn gan-an ni wàhálà ẹ. Fún wọn ní checklist, ìyẹn ìwé tí wọ́n to ohun tó yẹ kó wà nínú pépà sí ní nọ́ńbà nọ́ńbà. Tó bá jẹ́ ìwádìí ìtọ́jú aláìsàn tí wọ́n pín àwọn èèyàn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, checklist tó ń jẹ́ CONSORT wà látọdún 1996, tó bá jẹ́ pé ńṣe lo kó ìwádìí àwọn ẹlòmíì jọ, lo èyí tó ń jẹ́ PRISMA. Ẹni tí ò lè sọ pé "iṣẹ́ ẹ ò pé" á lè sọ pé "mi ò rí nọ́ńbà báyìí níbẹ̀." Ìwọ náà sì máa ka tiwọn o, ibẹ̀ lojú ẹ ti máa là jù, torí àléébù tó ò rí nínú tìẹ, kíá lo máa rí i nínú tẹlòmíì.

Físíìsì_ni_mo_ṣe:
Einstein náà bínú sí rífíúwà rí o 😂 Lọ́dún 1936 òun àti Rosen kọ pépà pé kò sóhun tó ń jẹ́ gravitational waves (ìgbì agbára òòfà tó ń rìn kọjá lójú òfuurufú), wọ́n fi ránṣẹ́ sí jọ́nà Physical Review, olótùú wá fún ẹnì kan kà, onítọ̀hún sì rí àṣìṣe. Einstein fèsì pé òun ò ní kí wọ́n fi han ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ló bá gba pépà ẹ̀ padà. Robertson ni rífíúwà yẹn, ó wá rọra ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún Infeld tó ń bá Einstein ṣiṣẹ́, nígbà tí pépà yẹn máa fi jáde ní jọ́nà míì lọ́dún 1937, ìparí ẹ̀ ti yí padà. Ní 2015 ni wọ́n wá rí waves ọ̀hún gangan.

Akọ̀wé_Òru:
Hà! Ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ tẹ́ni tí mo fún bá lọ jí ìdéà mi ńkọ́?

ẸgbọnLab:
Gbé e sórí ìkànnì preprint, níbi tí wọ́n ti ń gbé pépà síta kí jọ́nà tó tẹ̀ ẹ́, kó o tó pín in káàkiri, arXiv ti wà láti 1991, bioRxiv dé ní 2013, déètì á hàn níbẹ̀ pé ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ka òfin jọ́nà tó o ń lọ ná, pàápàá tó bá jẹ́ èyí tí wọn kì í jẹ́ kí rífíúwà mọ orúkọ òǹkọ̀wé. Kó o sì má fi pépà kan náà ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà o, wọn ò gbà á.