Ọ̀kan ní Manchester, èkejì ní Ògbómọ̀ṣọ́: níbo ni ká ti fi ìwé pátẹ́ǹtì sílẹ̀?

Túndé (Manchester): Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Bí ẹni méjì bá jọ hùmọ̀ ẹ̀rọ, tí ọ̀kan ń gbé Manchester, tí èkejì ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wo ló yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ìwé pátẹ́ǹtì (ẹ̀tọ́ tí òfin ń fún olùhùmọ̀ kí ẹlòmíràn má baà ṣe é láìgbàṣẹ) sílẹ̀? Ẹ̀rọ ìfúngààrí ni. Sípíríǹgì ló wà láàárín jáákì àti pátákó tó ń tẹ àpò ẹ̀gẹ́. Bí omi ṣe ń ro tí àpò ń wálẹ̀, sípíríǹgì á ṣì máa tẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní máa padà wá yí jáákì. Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Bràsíìlì ni wọ́n fẹ́ kí ààbò rẹ̀ dé. Wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ fi í hàn níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lóṣù tó ń bọ̀.

Àǹtí Bísí (Birmingham): Túndé, sọ fún wọn kí wọ́n má gbé e lọ síbi ìpàdé kankan kí ìwé tó wọlé. Ní Yúróòpù, ohun tí aráyé bá ti rí ṣáájú ọjọ́ ìwé (ọjọ́ tí ìwé yín wọlé) kì í ṣe tuntun mọ́, ìbáà jẹ́ ẹni tó ni í ló fi í hàn. Pósítà lára ògiri, fídíò YouTube, tíísìsì tó ti wọ láíbìrì, gbogbo rẹ̀ ló kà. Òfin Nàìjíríà náà le bẹ́ẹ̀. Ibi ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ló yọ sílẹ̀, oṣù 6 péré náà ni. Amẹ́ríkà àti Bràsíìlì máa ń gbójú fò ó fún oṣù 12, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní gbà wọ́n sílẹ̀ ní Àbújá, níbi tí ìwé pátẹ́ǹtì Nàìjíríà ti ń wọlé.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọrùn láti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fún yín ní ọjọ́ ìwé láì tíì gbowó: orúkọ ẹni tó ń béèrè, ọ̀rọ̀ tó fi hàn pé pátẹ́ǹtì lẹ fẹ́, àti àlàyé ẹ̀rọ náà ti tó. Oṣù 12 lẹ ní láti san owó kí ẹ sì mú ìyókù wá. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nìyí: àwọn èèyàn á kọ ojú ìwé kan ààbọ̀, wọ́n á ní àwọn á fi kún un tó bá yá. Kò sí fífi kún un. Ohun tí kò sí nínú ìwé àkọ́kọ́ kò lè jẹ àǹfààní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ya ẹ̀rọ náà láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹ sì kọ gbogbo ọ̀nà mìíràn tó lè gbà ṣiṣẹ́, títí kan èyí tí ẹ ò ní ṣe.

Kí n fi apá tí wọ́n ń pè ní claims, ìyẹn ibi tí ẹ ti ń sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí pátẹ́ǹtì dáàbò bò, ṣàpẹẹrẹ. Ẹ má kọ “sípíríǹgì onírin mẹ́rin tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 12”. Ẹni tó bá fi rọ́bà mẹ́ta ṣe é ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ “ohun tó ń ta padà, tó wà láàárín ohun ìtẹ̀ àti pátákó, tó ń jẹ́ kí ìtẹ̀ máa bá a lọ bí àpò ṣe ń wálẹ̀”. Lẹ́yìn náà ni claim kejì á sọ pé sípíríǹgì ni, ẹ̀kẹta á sọ pé mẹ́rin ni. Bí wọ́n bá wó èyí tó fẹ̀, èyí tó há lè ṣì dúró.

Túndé: Ẹ ṣé gan-an mà. Lẹ́yìn oṣù 12 ńkọ́?

Àǹtí Bísí: Ká ní ìwé wọlé ní 8 oṣù kẹrin 2025. Kí 8 oṣù kẹrin 2026 tó kọjá, ẹ gbọ́dọ̀ ti fi ìwé PCT (àdéhùn àgbáyé tó ń jẹ́ kí ìwé kan ṣoṣo ṣí ọ̀nà sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè) ránṣẹ́, yálà ní ìlú yín tàbí tààrà sí WIPO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó o ní Geneva, lórí ePCT, ìkànnì wọn. Ní bíi oṣù 16 láti ọjọ́ àkọ́kọ́, àbájáde ìwádìí wọn á dé, ẹ ó rí ohun tó jọ tiyín láyé. Ní oṣù 18, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé. Ní oṣù 30, ìyẹn 8 oṣù kẹwàá 2027, ẹ gbọ́dọ̀ ti wọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́, Nàìjíríà àti Bràsíìlì pẹ̀lú. Yúróòpù fi oṣù kan lé e. Bràsíìlì ń fẹ́ ìtumọ̀ sí Potogí, ibẹ̀ ni owó ti máa ń jáde jù. PCT fúnra rẹ̀ kì í fúnni ní pátẹ́ǹtì o. Àyè ló ń rà fún yín.

Akanni (Paris, ọmọ Kétu): Ti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò yàtọ̀. OAPI, àjọ pátẹ́ǹtì tó wà ní Yaoundé, ló ń fúnni ní pátẹ́ǹtì fún orílẹ̀-èdè 17, ìwé kan ṣoṣo ló bo gbogbo wọn. Ẹ lè kọ ọ́ ní Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì, oṣù 30 náà ni. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀, nítorí náà ìwé Àbújá kò ṣiṣẹ́ ní Kétu ní Bẹ̀nẹ̀, ti OAPI ò sì ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà.

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi (Maryland): Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ìlú, orúkọ ta ló máa wà lórí fọ́ọ̀mù? Ìyẹn ṣe pàtàkì ju ìlú lọ.

Àkọ́kọ́, kí ni ẹni Manchester ń ṣe jẹun? Bó bá jẹ́ irú iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ló bí ẹ̀rọ náà, ọ̀gá rẹ̀ ló ni í lábẹ́ òfin pátẹ́ǹtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1977. Kó wo ìwé ìgbàsíṣẹ́ rẹ̀ lónìí.

Èkejì ni owó. WIPO máa ń yọ ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára owó ìwé PCT fún ẹni tó jẹ́ ọmọ irú orílẹ̀-èdè bíi Nàìjíríà *tó sì ń gbé* irú ibẹ̀. Bí olùbéèrè bá ju ẹyọ kan lọ, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ yẹ. Ẹni Manchester ti ba ìyẹn jẹ́. Ẹ má sì rò pé ẹ lè dọ́gbọ́n fi orúkọ ẹni Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan sí i kó tó wá fà á lé èkejì lọ́wọ́: òfin ọ̀hún ní ẹni tó ni í gan-an ni kó béèrè, kó má sì ti jẹ ẹni tí kò yẹ ní gbèsè láti fún un.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ àdéhùn. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, bí ẹni méjì bá jọ ni pátẹ́ǹtì, ọ̀kan lè fún ilé-iṣẹ́ mìíràn láṣẹ láìbi èkejì, láìfún un ní kọ́bọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, o lè ṣe é fúnra rẹ, ṣùgbọ́n o ò lè fún ẹlòmíràn láṣẹ bí èkejì ò bá gbà. Àdéhùn lè yí méjèèjì padà.

Àdùkẹ́ (Houston): Bí ẹnì kẹta bá wà ní Amẹ́ríkà tó hùmọ̀ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ dúró ná. Òfin wọn kò wo páálí èèyàn, ibi tí a ti hùmọ̀ nǹkan ló ń wò. Ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìfìwé-ránṣẹ́-sókè-òkun lọ́dọ̀ USPTO, ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ níbẹ̀ kọ́kọ́: ẹ wo ìwé ẹ̀rí pé tiyín ti wọlé bóyá wọ́n kọ “Foreign Filing License Granted” sí i, ìyẹn ni àṣẹ náà. Bí wọn ò bá kọ ọ́, tí wọn ò sì pàṣẹ pé kó jẹ́ àṣírí, ẹ lè fi ránṣẹ́ lẹ́yìn oṣù 6. Láìṣe bẹ́ẹ̀, pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà lè dòfo.

Túndé: Kò sí ẹni Amẹ́ríkà nínú rẹ̀. Ìwé Àbújá ńkọ́, ṣé ó lágbára?

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi: Wọ́n á wò ó bóyá ó pé, wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jẹ́ tuntun. Òfin fúnra rẹ̀ sọ pé ewu ẹni tó gbà á ni. Nítorí náà ẹ tọ́jú àbájáde ìwádìí PCT yẹn dáadáa, òun lẹ ó fi bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbé ìta gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì ní Nàìjíríà fún ìwé ìpè, lóyà lèyí tó pọ̀ jù ń lò. Ọdún 20 ni, ẹ ó sì máa san owó lọ́dọọdún.

Bí ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn bá fẹ́ máa ṣe é tí wọ́n á máa sanwó fún ẹni Manchester, àdéhùn náà gbọ́dọ̀ wọ NOTAP, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń forúkọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, láàárín ọjọ́ 60 tí wọ́n fọwọ́ sí i. Láìsí sàtífíkéètì NOTAP, báǹkì ò ní fi owó yẹn ránṣẹ́ síta.

Àǹtí Bísí: Ọ̀kan tó kù. Bí WIPO bá ti tẹ ìwé náà jáde ní oṣù 18, lẹ́tà á máa dé láti ibi tórúkọ wọn jọ ti ìjọba, pé kí ẹ san owó ìforúkọsílẹ̀. Títẹ̀ jáde ò ní owó tirẹ̀. WIPO ní ojú ìwé kan tí wọ́n kó irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jọ sí, ẹ fi tiyín wé e kí ẹ tó fọwọ́ kan báǹkì.