Ilé àwọn ọmọ tí mo bèèrè nípa rẹ̀: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Ẹ kú àdúrótì. Ẹ rántí pé mo bèèrè bóyá kí n kọ́ gbọ̀ngàn ńlá elógún bẹ́ẹ̀dì fún àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́, àbí kí n gba ilé kékeré. Ilé kékeré la gbà, n'Ìbàdàn níbí: yàrá mẹ́ta, ọmọ mẹ́fà, ìyá kan tó ń bá wọn sùn. Ìwé àṣẹ ìjọba ti jáde. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ọdún 2003 ní ire ọmọ ni kó ṣáájú, ohun tí ẹ̀yin náà sọ nìyẹn.

Ẹni tó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kọ́ọ̀pù tirẹ̀, ẹ ṣé gan-an. Ọmọ tó kéré jù nínú wọn ń fi búrẹ́dì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ yìí, orí tábìlì ló fi í sílẹ̀, ó sáré lọ ṣeré.