Áàpù wo ni ẹ fi ń ṣọ́ owó fíìmù?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń mójú tó owó níbi fíìmù kan tí a ń yà ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ wà nínú Trello, áàpù tí a fi ń to iṣẹ́, káàdì kan fún síìnì kọ̀ọ̀kan. Owó wà nínú Excel. Ohun tí mo bá kọ síbí, mo tún gbọ́dọ̀ lọ kọ ọ́ sọ́hùn-ún. Owó tí kò ní rìsíìtì ló ń dà mí láàmú jù: epo jẹnẹrétọ̀, ọ̀kadà, "ẹ fún àwọn ọmọ àdúgbò ní nǹkan". Lánàá, mo wá ₦45,000 títí, àṣé ẹ̀ẹ̀mejì la ti sanwó fún olóúnjẹ! Ẹ jọ̀ọ́, áàpù wo ló ń so owó mọ́ síìnì, tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Kó má jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi dọ́là san o.